Ìyá Kòkòrò àti Eyín Afunfèrè

Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ dé kí obìnrin náà tó dé. Bó bá ku ogún ìṣísẹ̀ kó kan ibi ìdúró ọkọ̀, àwọn èrò tó ti ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn láti àárọ̀ á ṣàdédé di ọmọlúàbí, wọ́n á yà sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó gbọ́ ariwo ọkọ̀ panápaná. Kò sí ọjọ́ kan tí kò ríbi jókòó. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ló fi ń lọ síbi iṣẹ́ lórí ìjókòó ẹni méjì, òun nìkan ṣoṣo, bí ìyàwó ààrẹ.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Obìnrin yìí kò dọ̀tí. Ó ń wẹ̀ débi pé ọṣẹ ń sá fún un. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń rùn. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín, ní àjà kẹta, nínú yàrá kan tí wọ́n ti kan fèrèsé rẹ̀ pa, òun ló ń tọ́jú àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ èrìgì ọmọ ènìyàn títí eyín á fi máa mì bí òpó tí ikán ti jẹ nídìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Ìyá Kòkòrò. Kò bínú sí i. Ó ti jẹ́ orúkọ náà pẹ́ débi pé bí ẹnikẹ́ni bá pe èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ńṣe ló máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń bọ̀.

Àwọn kòkòrò náà ò fẹ́ afẹ́fẹ́. Èyí tí gbogbo ayé ń mí sínú, májèlé ni lójú tiwọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ òkùnkùn tó wà láàárín eyín àti èrìgì. Nítorí náà, inú àpótí ńlá kan tí wọ́n fi ike tó mọ́ gaara ṣe ni wọ́n kó wọn sí, àpótí tí wọ́n ti lé afẹ́fẹ́ jáde nínú rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ gígùn méjì ló so mọ́ ara rẹ̀. Ìyá Kòkòrò á ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ títí dé èjìká, á gbé àyà lé ike, á sì máa tọ inú rẹ̀ wò bí agbẹ̀bí tí àpótí ń rọbí mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ni oúnjẹ wọn. Wọ́n á pò ó mọ́ nǹkan dídì kan tó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, wọ́n á dà á sínú abọ́ pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kòkòrò kan ṣoṣo kò ṣeé fojú rí, ṣùgbọ́n bó bá bímọ, tí ọmọ bímọ, tí àrọ́mọdọ́mọ sì pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n á hàn lójú ẹ̀jẹ̀ náà bí ẹ̀kán omi kékeré. Agbo ni Ìyá Kòkòrò ń pe ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, á fi wáyà tín-ín-rín tó lórí bí òrùka bu agbo kan nínú abọ́ àtijọ́, á fi ra ojú abọ́ tuntun. Tàtijọ́ á kú, tuntun á gbilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí, ọ̀sẹ̀ gun orí ọ̀sẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀: agbo wo ni kó bù? Òfin láàbù, ìyẹn yàrá ìwádìí wọn, ní bó bá ti tún wọn gbìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó da gbogbo wọn nù, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí fírísà ńlá tó tutù ju ojú ọ̀dájú lọ, kó mú ojúlówó irú tí wọ́n ti tọ́jú sínú yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ilé ni fírísà wà. Ọwọ́ akápò-kọ́kọ́rọ́ kan tó kórìíra àtidìde ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Kó tó fúnni, fọ́ọ̀mù wà. Ìbuwọ́lù mẹ́ta wà lórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó yẹ kó buwọ́ lù ú sì ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó tíì yan ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Kòkòrò lọ lẹ́ẹ̀mẹrin tó sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sọ fún ara rẹ̀ pé kòkòrò ni kòkòrò ń jẹ́.

Ti òórùn tún wà níbẹ̀. Àwọn akọ̀wé tí ọ́fíìsì wọn dojú kọ láàbù ti kọ ìwé ẹ̀sùn mẹ́tàdínlógójì. Wọ́n ní òórùn ti wọ inú fáìlì, pé eṣinṣin pàápàá ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ń gbọ́ ti aládùúgbò sì ni Ìyá Kòkòrò. Nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn agbo kan máa ń dú bí èédú. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń rùn jù. Àwọn kan máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n sanra, wọ́n ń dán, òórùn wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ta imú. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ àwọn oníwà pẹ̀lẹ́ yìí. Orí rẹ̀ ò dá sí i. Ọwọ́ ló ń ṣe é, bí ọwọ́ ìyá tó máa ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún ọmọ tí kì í pariwo. Kó tó mọ̀, kò sí dúdú kan ṣoṣo mọ́ nínú gbogbo abọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ti rí bí ọ̀rá. Àwọn akọ̀wé dúpẹ́. Wọ́n tiẹ̀ fún un ní káàdì lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n tì í gbà. Òórùn tó kù, tó ń lé èrò nínú ọkọ̀, èyí tó ti wọ̀ ọ́ léegun ni.

Orí àwọn oníwà pẹ̀lẹ́ yìí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ ilé ògo rẹ̀ lé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ̀gá láàbù. Ọkùnrin kúkurú ni, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kí òjìji rẹ̀, wàá kọ́kọ́ bá akọ̀wé rẹ̀ dá ọjọ́. Bí àlejò bá dé, á mú wọn dúró níwájú àpótí, á gbé ọwọ́ sókè, á sì bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ wò ó,” á wí, “ìwé àṣẹ ń bẹ nínú kòkòrò kọ̀ọ̀kan. Apilẹ̀ àbùdá là ń pe ojú ewé ìwé náà. Gbogbo ojú ewé kọ́ ló ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà o. Bí èrìgì bá le, tí kò ṣẹ̀jẹ̀, kòkòrò á pa ojú ewé oró dé, á máa gbé jẹ́ẹ́ bí ayálégbé tó jẹ onílé nígbèsè. Àmọ́ jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kán báyìí! Á mọ̀ ọ́n lára, á ṣí ojú ewé náà gbàgà, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ á gé èrìgì, èrìgì á túbọ̀ ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ ṣí ìwé.”

Á dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rù lè ba àwọn àlejò.

“Apilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kì í rọ ọ̀bẹ fúnra rẹ̀. Alága ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó pàṣẹ pé, ‘Ó yá, ẹ máa rọ ọ́.’ Èmi tí mo dúró yìí ni mo rí i. Mo yọ alága kúrò nípò. Ẹ wá wo bí ilé ṣe tòrò!”

Á wá fi abọ́ hàn wọ́n: ẹran èrìgì tí wọ́n gbìn, tí kòkòrò aláìlálága ti ń bá gbé fún ọjọ́ mẹ́ta, tí nǹkan kan ò ṣe é. Á ní láyé àtijọ́, ìwé láàbù tòun fúnra òun jẹ́rìí sí i, ọjọ́ kan péré ni kòkòrò yìí fi ń jẹ ẹran bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́. Á sì kéde pé jẹ́ẹ̀lì kan ń bọ̀, tí aláìsàn á máa fi pa èrìgì láàárọ̀ àti lálẹ́, tí á di alága lẹ́nu nínú ẹnu gbogbo ayé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó ní, àwọn ẹni àkọ́kọ́ á máa lò ó.

Ọjọ́ tí Ìyá Kòkòrò kọ́kọ́ gbọ́ oṣù mẹ́fà yẹn, ó fò dé ilé ni.

Nítorí ọkọ rẹ̀ ni. Afunfèrè ni ọkùnrin náà. Fèrè idẹ ni tirẹ̀, ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè síbi ìsìnkú ló sì ti ń fun ún láti ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Imú rẹ̀ ti kú láti kékeré, kò lè gbóòórùn nǹkan kan, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè fẹ́ ara wọn. Ó máa ń sọ pé ẹnu nìkan ni Elédùmarè fún òun, imú kàn wà níbẹ̀ fún ẹwà ni. Ẹnu ọ̀hún sì ṣiṣẹ́. Bó bá fun fèrè lẹ́bàá sàréè, àwọn tí ò mọ òkú náà rí á sunkún ju ọmọ olóòkú lọ. Àwọn kan ní òkú kan wà tí wọ́n ní láti kan pósí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ó fẹ́ gbọ́ orin náà tán.

Afunfèrè kì í fi ètè nìkan fun fèrè. Ètè á fara ti eyín iwájú, fèrè á fara ti ètè. Bí eyín bá yẹ̀, ohùn á yẹ̀. Ọdún méjì sì nìyí tí ẹ̀jẹ̀ ti ń bá itọ́ rẹ̀ jáde láàárọ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í já mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ó fi ahọ́n ti eyín iwájú, eyín sì dá a lóhùn.

Dókítà eyín tí wọ́n lọ bá, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ti irin tín-ín-rín bọ àárín eyín àti èrìgì rẹ̀, ó ka iye tó rì wọlé, ó sì mi orí.

“Bàbá, èrìgì ti ya kúrò lára eyín, ó ti di àpò nídìí mẹ́fà lókè níwájú. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́la. A ó ha ìdí wọn, a ó fọ inú àpò. Á dùn yín, ẹ ò sì ní fun fèrè fún oṣù méjì. Mi ò ṣèlérí pé gbogbo wọn ni yóò dúró, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn á dúró.”

“Oṣù méjì?” ni Afunfèrè wí. “Dókítà, bí mo bá kúrò lórí àga mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn á ti jókòó sórí ẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Kòkòrò ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn.

“Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irin họ yín lẹ́nu bí ìkòkò tó jóná,” ó wí. “Oṣù mẹ́fà péré, jẹ́ẹ̀lì Ọ̀jọ̀gbọ́n á jáde. Èmi ni màá mú u wálé fúnra mi. Mo ti fi ojú mi rí i, olówó orí mi. Wọ́n wà pẹ̀lú ẹran èrìgì fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn ò bù ú ṣán.”

Afunfèrè wò ó títí.

“Ṣó dá ẹ lójú?”

“Èmi tí mo ń fún wọn lóúnjẹ!”

“Ó dáa,” ni ọkùnrin náà wí. “Ìwọ lo mọ̀ wọ́n. Bí o bá ní kí n dúró, màá dúró.”

Ó dúró. Oṣù mẹ́fà pé, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ó ku mẹ́ta. Mẹ́ta pé, ó ní ìwé àṣẹ ìjọba ló kù. Eyín ò sì mọ̀ nípa ìwé àṣẹ. Afunfèrè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú kan ètè fun fèrè, ó wá di pé ó wọ́ lọ sí igun ẹnu, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Olórí ẹgbẹ́ wọn fún un ní orin ohùn ìsàlẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní kó máa lu ṣaworo. Ọkùnrin tó ń jí òkú dìde tẹ́lẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn gbogbo ènìyàn tó ń lu ṣaworo ṣíwínṣíwín bí ẹni tó ń ta gúgúrú. Lálaalẹ́, á béèrè, “Jẹ́ẹ̀lì ńkọ́?” Ìyàwó rẹ̀ á ní, “Ó ti kù díẹ̀.”

Ní oṣù kọkànlá tí wọ́n ti ń dúró ni ọmọbìnrin kan dé láàbù láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, ọ̀dọ́ oníwádìí tó wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ kejì ló na ọrùn wo inú àpótí.

“Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ kó àwọn dúdú sí?”

“Dúdú wo?”

“Kòkòrò èrìgì.”

“Àwọn tó ń wò ẹ́ lójú yẹn ńkọ́?”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àgbà ń bá òun ṣàwàdà. Nígbà tó rí i pé Ìyá ò rẹ́rìn-ín, òun náà gbé tiẹ̀ mì.

“Tiwa dú bí ìdí ìkòkò, mà. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀bẹ wọn gé ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n máa ń fi èyí tó dú nínú ẹ̀ kun ara. Ìyẹn la fi ń mọ̀ pé oró wà lára wọn. Èyí tí ò bá dú, ọ̀bẹ rẹ̀ ti kú nìyẹn. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá pẹ́ jù nínú abọ́. Oúnjẹ ọ̀fẹ́, ilé ọ̀fẹ́, ta ló fẹ́ jà? Àwọn tó ń ya ọ̀lẹ á bímọ ju àwọn tó ń jagun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin á ti máa mú tuntun láti fírísà ṣá.”

“À ń mú u,” ni Ìyá Kòkòrò wí. Irọ́ náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀ bí eérú.

Ó lọ jókòó sílé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe oníwèé púpọ̀, àmọ́ kò sí ẹni tó ní láti bá a ṣírò èyí. Bí àwọn kòkòrò rẹ̀ bá ti ya ọ̀lẹ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n tó yọ alága, kí wá ni alága ọ̀hún ṣe? Ẹni tó gé orí òkú, tó wá ń pariwo pé òun ló pa á!

Ó dìde. Kò gba fọ́ọ̀mù kankan. Ó wọ ọ́fíìsì akápò-kọ́kọ́rọ́, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àga, ó jókòó, ó fi òórùn rẹ̀ sílẹ̀ kó sọ̀rọ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, omi ti ń dà lójú ọkùnrin náà, kọ́kọ́rọ́ sì ti wà lórí tábìlì. Ohun tó lè ṣe láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn nìyẹn. Èyí tó dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí.

Ó mú ojúlówó láti inú yìnyín, ó gbìn ín. Ní ọjọ́ keje, wọ́n dú. Ọlọ́run mi, wọ́n dú! Òórùn wọn gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó sọdá, ó bá àwọn akọ̀wé nídìí tábìlì. Ìyá Kòkòrò to abọ́ ẹran èrìgì mẹ́ta. Àwọn ọ̀lẹ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti yọ alága wọn ló kó sí àkọ́kọ́. Ó kó àwọn ọ̀lẹ tí alága wọn ṣì jókòó pẹ̀sẹ̀ sí ìkejì. Ó kó àwọn dúdú sí ìkẹta, ó wá da jẹ́ẹ̀lì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń dán wò lé wọn lórí títí ó fi kún.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹran inú àkọ́kọ́ wà pérépéré. Tinú ìkejì náà wà pérépéré. Alága wà níbẹ̀, kò pa eṣinṣin. Nínú ìkẹta, kò sí ẹran mọ́. Omi ló kù, àti jẹ́ẹ̀lì tó léfòó lójú rẹ̀ bí ọṣẹ.

Ó gbé abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì ṣàlàyé. Kò fi nǹkan kan bò: fírísà, fọ́ọ̀mù, ọwọ́ tó ń yan oníwà pẹ̀lẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́tí sílẹ̀. Àwọ̀ ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bíi tàwọn agbo.

“Màmá, ta ló rán yín níṣẹ́ yìí?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi, sà.”

“Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é? Ọdún márùn-ún mi! Ẹ fi ọwọ́ ara yín sọ apànìyàn di ológbò!”

“Mo mọ̀, sà.”

“Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fẹ́nì kankan. Ó di lẹ́yìn ìpàdé àwọn onímọ̀ tó máa wáyé lóṣù tó ń bọ̀. Màá mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀.”

“Sà, mi ò tìtorí ìpàdé wá. Ọkọ mi ló ń dúró de jẹ́ẹ̀lì yẹn. Ó ti dúró fún oṣù mọ́kànlá.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbójú sókè, ìyanu gidi sì wà lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà. Kò kàn rò ó rí ni.

“Ó ń dúró? Kí ló dé tí kò lọ sọ́dọ̀ dókítà? Ta ló sọ fún un pé kó dúró?”

Ìyá Kòkòrò kó abọ́ rẹ̀, ó sì jáde.

Nínú ọkọ̀ tó gbé e lọ sílé, ó to ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mẹ́tàdínlógún, kò sí èyí tó dùn-ún gbọ́. Ó bá ọkọ rẹ̀ lórí àga nínú yàrá ìgbàlejò. Aṣọ tútù wà ní ètè rẹ̀, fèrè wà lórí itan rẹ̀, bí ọmọ tó sùn.

“Jẹ́ẹ̀lì ńkọ́?”

“Kò ní bọ̀,” ni ìyàwó wí. Ó kúnlẹ̀. “Kò lè ṣe nǹkan kan fún yín. Àwọn tí mo rí tí wọn ò bu ẹran ṣán yẹn, èmi ni mo ti bà wọ́n jẹ́. Mo ń yan àwọn tó rọra títí wọ́n fi dẹ̀. Kì í ṣe òògùn ló dá wọn lẹ́kun. Mo ṣì yín lọ́nà.”

Afunfèrè yọ aṣọ kúrò lẹ́nu.

“Jẹ́ kó yé mi. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ ẹ, o tọ́ wọn di ọmọ jẹ́jẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Àwọn tó wà lẹ́nu tèmi wá ńkọ́? Ṣé kò sẹ́ni tó bá wọn sọ ọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì yọ lẹ́bàá eyín rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Ìyá Kòkòrò kò lè bá a rín in.

Ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni wọ́n tún kọrí sí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Dókítà gbé àwòrán egungun sójú iná. Níbi tí egungun yẹ kó ti di eyín mú, òfìfo ló wà.

“Mo rò pé mo ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ kejì,” ó wí.

Ìyá Kòkòrò la ẹnu láti jẹ́wọ́. Afunfèrè gbé ọwọ́ lé itan ìyàwó rẹ̀.

“Èmi ni mi ò fẹ́ wá,” ó wí. “Mò ń bẹ̀rù irin.”

“Ó dáa. Egungun ti lọ, Bàbá. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa jáde.”

“Ẹ ó fi eyín àtọwọ́dá sí i?”

“A ó fi sí i bí ojú rẹ̀ bá jiná.”

“Ṣé fèrè lè fara tì í?”

Dókítà wẹ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ kó tó dáhùn. “Ẹ lè fi rẹ́rìn-ín,” ó wí. “Ẹ lè fi sọ̀rọ̀.”

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kí ẹnu rẹ̀ lè kú. Eyín kìíní jáde wọ́ọ́rọ́, bí ẹni yọ igi kúrò nínú ẹrẹ̀. Kò gba agbára kankan. Ibẹ̀ ni Ìyá Kòkòrò ti ṣe ohun tó ń tì í lójú títí dòní. Ó rí ohun dúdú tó rọ̀ mọ́ ìdí eyín náà, ọwọ́ rẹ̀ sì nà jáde kí orí rẹ̀ tó dá sí i.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. Ẹ bá mi fi sínú ìgò kan, kẹ́ ẹ dé e kí afẹ́fẹ́ má wọlé.”

Afunfèrè, tí ẹnu rẹ̀ ti kú, tí kò lè sọ̀rọ̀, yí ojú lórí àga ó sì wò ó. Kò tún wò ó mọ́ títí tí eyín kẹfà fi jáde.

Irú èyí tó hù láti inú ìgò yẹn, láàbù ò rí i rí. Àwọn tinú yìnyín dú, ti Afunfèrè dú jù wọ́n lọ. Wákàtí mẹ́rìnlá ló fi jẹ abọ́ ẹran èrìgì kan tán. Ọ̀jọ̀gbọ́n fò sókè. Kí ìpàdé tó pé, ó ti kọ ìwé tuntun, pé òun ṣàwárí bí ìgbẹ̀dẹmukẹ ṣe ń gba oró lára kòkòrò, àti bí apilẹ̀ oró ṣe ń ṣí bí wọ́n bá mú wọn tààrà láti ẹnu aláìsàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tí alága wọlé sí. Lára ìgò irú tuntun náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí Ìyá kọ orúkọ kan tí wọ́n á máa fi pè é káàkiri. Ìyá Kòkòrò mú bírò, ó sì kọ “Afunfèrè”. Láàárín oṣù mẹ́rin, wọ́n ti fi Afunfèrè ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí mẹ́tàlá.

Afunfèrè tilé ò jáde mọ́. Olórí ẹgbẹ́ wá kí i lẹ́ẹ̀kan, ó gba aṣọ ẹgbẹ́ padà nítorí ẹni tuntun tó fẹ́ wọ̀ ọ́, ó ní kó máa wá jókòó tì wọ́n nígbàkúùgbà. Àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún un wà nínú ife omi. Ó ń ha á lẹ́nu. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó bá ìyàwó rẹ̀ sọ ohun tó ju “ẹ̀n-ẹ́n” àti “rárá” lọ. Ọjọ́ Ajé kan ni, lẹ́yìn tó ti ibi iṣẹ́ dé.

“Báwo ni wọ́n?” ó béèrè.

Ìyá Kòkòrò mọ̀ pé àwọn kòkòrò ló ń béèrè.

“Wọ́n wà.”

“Ṣé wọ́n ṣì dú?”

“Wọ́n dú. Àwọn tó dú jù ni mò ń bù báyìí. Bó bá ti di àtúngbìn márùn-ún, màá lọ mú tuntun láti inú yìnyín.”

“Kí lò ń fún wọn jẹ?”

“Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn.”

“Lójoojúmọ́?”

“Ó máa ń wà níwájú wọn.”

Afunfèrè mi orí.

“Wọ́n ń jẹun jù mí lọ,” ó wí, ó sì yí ojú sí ògiri.

Ìyá Kòkòrò dìde. Ó bó èèpo búrẹ́dì kúrò, ó rẹ inú rẹ̀ sínú wàrà gbígbóná títí ó fi rọ̀, ó gbé e wá pẹ̀lú ṣíbí kékeré. Ọkùnrin náà ò yíjú padà. Obìnrin náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé abọ́ náà lé itan, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ó fi tutù.